Abọ́ Tí Ẹnìkan Ṣoṣo Ń Jẹun Nínú Rẹ̀

Ilé Bàbá Mórítà, ilẹ̀ Japan,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, ọdún 2023.

Màmá mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́ o. Mo kí yín ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta torí mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín, Alàájì Bàrúwà, máa rí lẹ́tà yìí ní ọ́fíìsì wọn ní pólì Ìlaròó kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí yín ní Ayétòrò. Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ ò fẹ́ fóònù. Ẹ ní ọ̀rọ̀ orí fóònù, gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ, àti pé ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kò ní lè sẹ́ ẹ lọ́la. Ó dáa, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo dé láyọ̀. Òtútù ibí kì í ṣe eré rárá. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́, Bàbá Mórítà, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n. Àwọn àti ìyàwó wọn nìkan ló ń gbé ilé, èmi ni mo ṣìkẹta. Abọ́ ìjẹun ni wọ́n ń fi amọ̀ mọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tò sí pálọ̀ kí àlejò lè máa wò ó. Abọ́ ìrẹsì, abọ́ ọbẹ̀, ife tíì, ohun tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, lórí pátákó róbótó kan tó ń yí. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ìyá yín mọ ìkòkò títí wọ́n fi kú ní Ìjoun, pé ìyá àgbà ló ń yí ìkòkò ká, kì í ṣe ìkòkò ló ń yí, Bàbá Mórítà dìde, wọ́n ní kí n ṣe é káwọn rí i. Ni mo bá ń fẹ̀yìn rìn yí kẹ́ẹ̀gì omi ká láàárín ilé. Ìyàwó wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Mórítà gbé abọ́ kan fún mi, wọ́n ní tèmi ni. Kò sí ẹlòmíràn tó ń jẹun nínú rẹ̀. Àyè rẹ̀ wà lọ́tọ̀ lórí pẹpẹ, bí mi ò bá sí nílé, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi Husain, ẹ kí ìyàwó wa Habeebah àti àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi irú àti ata gígún ránṣẹ́ sí mi. Ọbẹ̀ wọn kò lẹ́nu níbí.

Ọmọ yín,
Roheemat.


Ayétòrò,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, ọdún 2023.

Roheemat,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kà á tán, mo bọ́ gíláàsì ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Ta ló ya abọ́ rẹ sọ́tọ̀?

Má fi "ó dùn mọ́ mi" bò mí lójú, èmi ni mo bí ọ. Nílé wa níbí, ẹni tí a bá fún ní abọ́ tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kàn, gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣe é. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ìwọ tí ìwọ àti Husain jọ ń jẹun láti kékeré, tí ẹ ń jà sí ẹran débi pé mo ní láti máa fi ọmọrogùn pín yín níyà! O dé ilé onílé, wọ́n gbé abọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ ògiri pé tìrẹ nìkan ni, o wá ń rẹ́rìn-ín?

Dá mi lóhùn, má sì fo ọ̀kankan. Ṣé o ń wúkọ́? Ṣé wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ nígbà tí o dé? Kí ni wọ́n rí níbẹ̀? Obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, ṣé omi kan náà ló fi ń fọ abọ́ rẹ mọ́ tiwọn, àbí ọ̀tọ̀ ni omi tìrẹ? Ṣé ẹ jọ ń jókòó jẹun ni, àbí ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ní kí o máa lọ? Tí kì í bá ṣe àìsàn, ṣé nítorí àwọ̀ rẹ ni? Àbí torí pé o ń kírun?

Ya fọ́tò ara rẹ láti orí dé ẹsẹ̀ fi ránṣẹ́. Má wọ kóòtù, kí n lè rí i bóyá o ti rù. Má sì ya ojú nìkan. Àwọn tó ń ya ojú nìkan, mo mọ ohun tí wọ́n ń fi pamọ́.

Irú ti wà nílẹ̀, ata náà ti wà nílẹ̀. Mi ò ní fi ránṣẹ́ títí n ó fi gbọ́ òótọ́.

Ìyá rẹ,
Sàlímọ́tù.


Ilé Bàbá Mórítà,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 2023.

Màmá mi,

Ẹ kú ìbínú o. Ẹ kú ọkàn tí kò balẹ̀.

Mi ò wúkọ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, kò sí nǹkankan níbẹ̀. Omi kan náà la fi ń fọ abọ́, kànìnkànìn kan náà. Tábìlì kan náà la ti ń jẹun, ẹ̀gbẹ́ ìyàwó Bàbá Mórítà gan-an ni mò ń jókòó sí. Fọ́tò wà nínú àpòòwé, láti orí dé ẹsẹ̀, láìwọ kóòtù. Òjò ọjọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nítorí yín.

Ohun tí mi ò kọ níjọ́sí ni mo fẹ́ kọ báyìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé abọ́ yẹn fún mi, mo sunkún. Mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo ní wọ́n ti rí nǹkan lára mi nìyẹn. Ohun tó sáà ń wá sí mi lọ́kàn ni abọ́ páànù elétí pupa tí ẹ fi kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilé ìdáná, abọ́ Àǹtí Ọ̀ṣúnkẹ́mi, àbúrò bàbá wa. Mo rántí omi gbígbóná tí ẹ máa ń dà sí i. Mo rántí ọjọ́ tí mo bá wọn jẹ ẹ̀wà nínú rẹ̀, tí ẹ nà mí títí mo fi tọ̀ sára. Mi ò gbàgbé rí.

Ọjọ́ kejì ni ìyàwó Bàbá Mórítà rí ojú mi tó wú. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ síwájú pẹpẹ. Wọ́n nawọ́: tiwọn rèé, ti bàbá rèé, ti ọmọ wọn tó ń gbé ìlú ńlá rèé, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń wálé, kò sẹ́ni tó ń bá a lò ó. Àlejò ni kì í ní abọ́ tirẹ̀ nínú ilé. Wọn kì í gbé abọ́ ìrẹsì sílẹ̀ jẹun níbí, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń gbé e dání, ìdí nìyẹn tí Bàbá Mórítà fi wọn àtẹ́lẹwọ́ mi kí wọ́n tó mọ tèmi. Màmá, wọ́n ń sọ fún mi pé ọmọ ilé ni mí.

Mo ti mọ méjì fúnra mi, wọ́n wà nínú páálí tó ń bọ̀. Ìkan jẹ́ tiyín. Ọwọ́ ara mi ni mo fi wọ̀n ọ́n, torí gbogbo ayé ló ní ọwọ́ yín ni mo jogún. Èkejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi jíṣẹ́ fún Àǹtí Ọ̀ṣúnkẹ́mi ní Ìwòyè-Kétu. Kí ẹ tó lo tiyín, ẹ fi omi tí a fi fọ ìrẹsì sè é lórí iná fún ìdajì wákàtí, kí ẹ jẹ́ kó tutù nínú omi náà. Ẹ má gbàgbé o.

Ọmọ yín,
Roheemat.


Ayétòrò,
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023.

Roheemat,

Páálí dé. Mo rí fọ́tò náà. O rù díẹ̀, àmọ́ ojú rẹ mọ́lẹ̀. Mo gbà.

Ẹ gbà mí o! Abọ́ tuntun, o ní ká kọ́kọ́ sè é bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì ń se abẹ́rẹ́ láyé àtijọ́. Ta ló ti jẹun nínú rẹ̀? Mo sè é. Mo sè é lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá dojú rẹ̀ délẹ̀, mo rí ibi mẹ́ta nísàlẹ̀ rẹ̀ tí kò dán, bíi pé ẹnìkan ti ìka bọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì tútù. Ìka ta ni? Ó tún ní ilà wẹ́wẹ́ nínú. Tó bá jẹ́ pé èyí tó bàjẹ́ ni wọ́n ní kí o kó lọ fún ìyá rẹ, sọ ọ́ kí n mọ̀. Kò sẹ́ni tó máa lù ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá yín. Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀? Ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà náà, kí lo mọ̀? Ṣé ìwọ àti Àǹtí Ọ̀ṣúnkẹ́mi ti ń kọ̀wé síra yín lẹ́yìn mi ni? Ikọ́ ń gbé wọn lóru àti lọ́sàn-án, mo ní ọmọ méjì nílé, bàbá yín kì í sí nílé. Ìyàwó ilé ni mí, ọmọ ilé ni wọ́n, o rò pé ó rọrùn fún mi láti gbé abọ́ ọmọ ilé kọ́ ìṣó? O rántí abọ́. O ò rántí pé èmi náà ń sunkún nígbà tí mò ń nà ọ́. Nígbà tí ara wọn yá, wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí Ìwòyè, wọ́n lọ́kọ síbẹ̀, wọn ò fi ojú kàn mí mọ́. Kí ló wá kàn mí?

Mi ò ní gbé abọ́ kankan lọ sí Ìwòyè. Ọ̀nà ibẹ̀ kò dáa, kọ́sítọ́ọ̀mù pọ̀ lójú ọ̀nà bí eèrà, wọ́n á ní kí n tú u wò. Ó wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Tèmi, mo ń fi jẹun. Habeebah ló ń gbé e wá bá mi ní yàrá. Ó bá mi lọ́wọ́ mu, n kò lè parọ́. Má wo bí ìwé mi ṣe ń wọ́ yìí, gíláàsì mi ló ti gbó. Má sì pè mí lórí fóònù.

Ìyá rẹ.


Ilé Bàbá Mórítà,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá, ọdún 2023.

Màmá mi,

Ẹ kú ilé. Ìka mi ni. Tí abọ́ bá gbẹ, a máa ń rì í sínú omi eérú pòròpórò ìrẹsì kó lè dán bí a bá sun ún nínú iná, ibi tí a bá fọwọ́ dì mú ni eérú kì í dé. Bàbá Mórítà ní kí n má nù ún. Ẹ fi ìka yín mẹ́ta lé ibẹ̀, ẹ ó rí i. A ń fi omi ìrẹsì sè é torí amọ̀ ní ihò tín-tìn-tín, omi ìrẹsì ló ń dí i kí ọbẹ̀ má baà máa jò wọ̀ ọ́. Ilà wẹ́wẹ́ yẹn náà, bí tàwọn gan-an ṣe rí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó jẹun nínú rẹ̀ ṣáájú yín.

Ó kàn mí láti bèèrè tèmi báyìí. Kí lẹ ń jẹun nínú yàrá fún? Ẹ̀yin tí oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun yín bí àwọn ọmọ Husain ò bá tíì ti ọwọ́ bọ abọ́ yín! Mo pe Habeebah. Ó ní ẹ ń sùn, aago méjì ọ̀sán. Mo pè lọ́jọ́ kejì, ẹ tún ń sùn. Mo wá pe Husain láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó ní ẹ ti lọ sí ọjà Ìjoun, pé nẹ́tíwọ̀kì àwọn ará Benin òdìkejì ààlà ló gba fóònù yín lọ́hùn-ún. Mo tún pe Habeebah lójú ẹsẹ̀, ó ní ẹ ṣì ń sùn. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ jókòó, kí wọ́n fẹnu kò sórí irọ́ kan.

Ẹ dá mi lóhùn, ẹ má sì fo ọ̀kankan. Ṣé ẹ ń wúkọ́? Ṣé omi kan náà ni wọ́n fi ń fọ abọ́ yín mọ́ tiwọn?

Roheemat.


Ilé Bàbá Mórítà,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejìlá, ọdún 2023.

Màmá,

Oṣù méjì kọjá. Alàájì Bàrúwà ní lẹ́tà mi dé ọwọ́ yín, pé ọ̀rọ̀ tó bá kù, ọwọ́ yín ló wà. Kí ni wọ́n mọ̀ tí mi ò mọ̀?

Iṣẹ́ ò lọ mọ́ lọ́wọ́ mi. Láàárọ̀ yìí, Bàbá Mórítà wo abọ́ mẹ́fà tí mo mọ lánàá, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pò ó padà di amọ̀, wọn ò bínú, wọ́n kàn bi mí pé ta ni mò ń rò. Mo sọ fún wọn pé ìyá mi ń tàn mí.

Tí oṣù kìíní bá fi máa parí tí mi ò gbọ́ òótọ́, mo ń bọ̀ nílé. Àyè tí mo bá fi sílẹ̀ níbí, wọn ò ní dá a padà fún mi, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ á parí síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa sọ bóyá mo dúró tàbí mi ò dúró.

Roheemat.


Ayétòrò,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìíní, ọdún 2024.

Ọmọ mi Roheemat,

Má wá. Mo ti ní kí Alàájì Bàrúwà ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, kí o má baà lọ wọ bàálù. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kà á kó kà á. Ó ti sú mi láti máa fi pamọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń wúkọ́. Láti ìgbà òjò ni. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò nílé ìwòsàn lóṣù kẹjọ, wọ́n ní ikọ́ ife ni. Oògùn oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún mi, mo ti lo oṣù márùn-ún láìfo ọjọ́ kan. Ara mi ti ń yá. Nọ́ọ̀sì ní ó ti pẹ́ tí ikọ́ mi ti kúrò ní èyí tó lè ran ẹnikẹ́ni, àti pé atẹ́gùn ló ń gbé e kiri tẹ́lẹ̀, kì í gba ara abọ́ ràn èèyàn rárá. Nígbà tó sọ ọ́, mo bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kì í gba ara abọ́. Roheemat, ó ti tó ogún ọdún tí mo gbé abọ́ Àǹtí kọ́ ìṣó.

Nígbà tí páálí rẹ dé, Habeebah ti mọ ohun tó ń ṣe mí. Ó mú abọ́ náà, ó ní, "Màmá, tiyín nìkan ni kí ẹ máa fi èyí ṣe o, ó ti lẹ́wà jù fún àwọn ọmọ tó ń fọ́ nǹkan." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó kúnlẹ̀ sọ ọ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí ojú ara mi nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ò wọ yàrá mi mọ́. Bí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi bá wá kí mi, tí wọ́n bá ní kí ló dé tí mo ń dá jẹun, mo máa ń ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Japan nìyẹn, olúkúlùkù ló ní abọ́ tirẹ̀, ọmọ mi ló kọ ọ́ sí mi. Mo máa ń mú lẹ́tà rẹ jáde kà fún wọn. Lẹ́tà tí mo bú ọ lé lórí, òun ni mo fi bo àṣírí ara mi.

Lẹ́tà oṣù kejìlá ló wá fọ́ mi lọ́kàn. Mo fa páálí yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo pe Àúdù tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò lọ Ìwòyè, mo ní kó gbé e fún Àǹtí Ọ̀ṣúnkẹ́mi. Ojú ń tì mí, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ní kó sọ. Mo kàn ní kó sọ pé tiwọn ni, kí wọ́n máa dá lò ó, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn jẹun nínú rẹ̀. Ṣebí bí ìwọ ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àúdù sì dé ibẹ̀, ó jíṣẹ́ bí mo ṣe rán an.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni wọ́n dé, láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, páálí wà lábẹ́ apá wọn. Wọn ò kí mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ogún ọdún! Ẹsẹ̀ mi ò kan ilé bàbá mi mọ́ nítorí rẹ. O tún wá rán abọ́ tẹ̀ lé mi dé ilé ọkọ mi?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé, ikọ́ gbé mi. Ó gbé mi pẹ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, wọn ò wo èmi mọ́. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń wò, níbi tí abọ́ mi dá wà lórí aṣọ ìnujú funfun, tí kò sí ṣíbí, kò sí ife, kò sí nǹkankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ta ló ya tìrẹ sọ́tọ̀?"

Mo yíjú sẹ́nu ọ̀nà. Habeebah wà lẹ́yìn wọn, ó sáré wọ ilé ìdáná. Wọ́n bá kígbe tẹ̀ lé e pé kó gbé oúnjẹ wá, pé ebi ń pa àwọn. Láfún àti ọbẹ̀ ilá ló gbé wá, ó bu tèmi sínú abọ́ mi, ó bu tiwọn sínú àwo. Àǹtí ti àwo sápá kan. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n jókòó tì mí lórí ẹní, wọ́n na ọwọ́ sí abọ́ mi.

Mo di ọwọ́ náà mú. Mo ní, "Àǹtí, ẹ dákun, ikọ́ ni o."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́kọ́ ní in nílé yìí. Gba ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀, jẹ́ kí n jẹun."

Abọ́ náà kéré, Roheemat. Ọwọ́ ẹnìkan lo mọ ọ́n fún. Ọwọ́ wa ń kọlu ara wọn nínú rẹ̀, ọbẹ̀ ń ta sí wa lára, mo ń sunkún, mo ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kí n má ta omi ojú sí ilá àwọn. Wọn ò tíì lọ. Wọ́n ní àwọn ó dúró títí n ó fi lo oògùn tó kù tán. Habeebah ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Mi ò ní bá a jà, ohun tó ń bẹ̀rù yẹn ni èmi náà bẹ̀rù.

Irú àti ata ti wà lọ́wọ́ Alàájì Bàrúwà. Dúró níbẹ̀, kọ́ṣẹ́ rẹ. Bá mi kí ìyá tó fà ọ́ lọ síwájú pẹpẹ yẹn, mo ti fi ojú burúkú wò wọ́n tẹ́lẹ̀, kí wọ́n forí jì mí. Sọ fún Bàbá Mórítà pé ìyá rẹ fẹ́ abọ́ ńlá kan, tó fẹ̀ dáadáa, tí ẹnikẹ́ni ò ní lè pè ní tirẹ̀ nìkan. Kí wọ́n má wọn ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo fún un. Ti Àǹtí ni kí wọ́n wọ̀n, àti tèmi, àti ti Habeebah, kí wọ́n sì fi àyè ìkan sílẹ̀ fún ìgbà tí o bá dé.

Ìyá rẹ,
Sàlímọ́tù.